Ta Ni Wọ́n Kà? Ọ̀rọ̀ Láàárín Àwa Òbí Tí Ọmọ Wa Ń Kàwé Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, tó sì yẹ ká gbé sí gbangba. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti àyíká rẹ̀, láti Alief dé Missouri City títí dé Katy, kì í ṣe ilé kan tàbí méjì ló ní ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ girama ńlá kò bá lára mu. Òmíràn ń bá àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde jà. Bí ìrora bá dé, ó lè pa odindi ọ̀sẹ̀ jẹ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Òmíràn ti SS2 dé láti Ìbàdàn, ìwé èsì rẹ̀ kò pé, wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ kan láti ìsàlẹ̀. Òmíràn wà tí àyà rẹ̀ máa ń já bó bá ti wà láàárín èrò. Òmíràn lóyún. Òmíràn sì kàn dẹwọ́ ni, títí iṣẹ́ ẹ̀yìn fi wọ́ jọ sí i lọ́rùn.

Níbẹ̀ ni olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yóò ti sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ti lè parí krẹ́díìtì tó kù ún kù. Òbí á délé, á wá èsì ilé ẹ̀kọ́ náà jáde, á sì rí i pé àwọn tó ń parí níbẹ̀ kò tó ìlàjì. Àyà á já. Àwọn kan á ní ọmọ àwọn kò ní bá wọn débẹ̀. Àwọn mìíràn á gbà, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́.

Èmi náà ní ọmọ tó gba ọ̀nà yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó kàn mí ni mò ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rò kò ju ọ̀kan lọ: iye tó wà nínú ìwé èsì yẹn ń sọ irú ọmọ tó wọlé, àti ìgbà tó wọlé, kó tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Bí a kò bá kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n kà, a lè sá fún ilé ẹ̀kọ́ tó lè gba ọmọ wa là, a sì lè fa ọmọ lé èyí tí kò ní ṣe é lóore lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iye náà ti ń wá. Láti ọdún 2008 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa fi ìlànà kan náà ka àwọn tó jáde. Wọ́n á kó gbogbo ọmọ tó jọ wọ kíláàsì kẹsàn-án pọ̀, wọ́n á fi àwọn tó dé lẹ́yìn kún wọn, wọ́n á yọ àwọn tó lọ sí ibòmíràn kúrò, wọ́n á wá wo àwọn tó gba dípúlómà láàárín ọdún mẹ́rin. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Òfin Every Student Succeeds Act, tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní oṣù December 2015, tún ní kí ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn tó ń jáde níbẹ̀ kò bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ìlànà yìí dára, nítorí kò jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ lè fi ọmọ tó sọnù pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó ń gba ọmọ tó ti fà sẹ́yìn. Ká ní ọmọ 20 ló yẹ kó jáde lọ́dún kan. Mẹ́sàn-án gba dípúlómà láàárín ọdún mẹ́rin. Márùn-ún ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, wọ́n á parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Méjì ṣe ìdánwò GED tí wọ́n ń ṣe dípò dípúlómà. Mẹ́rin fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n á kọ sílẹ̀, nítorí ìjọba àpapọ̀ kì í ka GED mọ́ dípúlómà. Bí àwọn márùn-ún yẹn bá parí ní ọdún karùn-ún, ìdá 70 ni yóò jẹ́. Àwọn ọmọ kan náà ni o, lábẹ́ àwọn olùkọ́ kan náà.

Èyí ló fà á tí Texas fi ń tẹ iye ọdún mẹ́rin, ti ọdún márùn-ún àti ti ọdún mẹ́fà jáde. Ọ̀nà àkànṣe sì wà tí ìpínlẹ̀ náà fi ń ṣe ìdíwọ̀n àwọn ilé ẹ̀kọ́ bí irú èyí, bí ó bá jẹ́ pé ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ibẹ̀ ni òfin kà sí àwọn tó lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀nà yẹn, wọ́n ń ro ti ẹni tó gba GED àti ẹni tó ṣì ń bá ẹ̀kọ́ lọ mọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró lórí iye ọdún mẹ́rin nìkan. Ọmọ tó dé láti Nàìjíríà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ní láti ṣe ìtàn Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀, lè gba ọdún karùn-ún láìsí pé ó ṣe ohun tó burú. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 lọ́jọ́ kìíní oṣù September ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wà kẹ́yìn ni Texas máa ń ka èsì rẹ̀ sí lọ́rùn. Ká ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ kan láìmọ aṣọ í gé, tí wọ́n wá mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó gba fírídọ́ọ̀mù. Bí aṣọ rẹ̀ bá wọ́, orúkọ ọ̀gá kejì ni aráyé á pè. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá kejì fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Kó tó kan òun, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ti lọ níbòmíràn.

Kíkéré tó kéré yẹn náà ní tirẹ̀. Níbi tí ọmọ 20 bá ti jẹ́ gbogbo kíláàsì, ọmọ kan ṣoṣo ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọmọ mẹ́ta bá parí lé e lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yóò sọ pé èsì ti fi ìdá 15 gòkè, wọ́n lè máa yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí mẹ́ta nínú àwọn tó yẹ kó parí bá kó lọ sí Dallas, ó lè jábọ́ padà, kí wọ́n máa bú u. Howard Wainer, onímọ̀ ìṣirò, fi èyí hàn pẹ̀lú èsì ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Pennsylvania: àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó kéré jù lọ pọ̀ lókè láàárín àwọn tó ṣe dáadáa jù, wọ́n sì tún pọ̀ nísàlẹ̀ láàárín àwọn tó ṣe burúkú jù. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ọmọ díẹ̀ ló mú kí èsì wọn máa fò sókè fò sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àánú Bill Gates náà ná owó ńlá sórí dídá ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 Gates fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí tó pọ̀ nínú wọn kò mú kí ọmọ ṣe dáadáa tó bí àwọn ti retí. Torí náà, ẹ má fi èsì ọdún kan ṣoṣo dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré lẹ́jọ́. Ẹ to èsì ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú kan, kí ẹ wo ibi tó dorí kọ.

Nígbà tí a bá wá dé ojú ìwé tó ń sọ irú ẹ̀yà tí àwọn ọmọ jẹ́ àti bí ìdílé wọn ṣe rí, àmì ìràwọ̀ kékeré la máa ń bá ní àyè tó yẹ kí iye wà. Àwọn òbí kan rò pé ilé ẹ̀kọ́ ń fi nǹkan pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin FERPA ti ọdún 1974 ló ń dáàbò bo àṣírí ọmọ. Bí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá jẹ́ mẹ́rin péré, tí wọ́n sì kọ iye tó fìdí rẹmi nínú wọn sílẹ̀, gbogbo àdúgbò lè mọ ẹni tó jẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ bíi tiwa kò ní sí nínú ìwé. Àfi ká lọ béèrè lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bà yín lẹ́rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ bí ẹnìkan ti ń sọ pé, “Àwọn ọmọ tó ti bàjẹ́ ló kún ibẹ̀.” Ẹ wo àwọn tí òfin Texas kà sí ọmọ tó lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀: ọmọ tó tún kíláàsì kà, ọmọ tó ṣì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó lóyún tàbí tó ti bímọ, ọmọ tí kò nílé, ọmọ tí alágbàtọ́ ń tọ́, ọmọ tí òbí rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nílé ẹ̀kọ́ rí. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ ẹran nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni, nǹkan ló ṣẹ̀ sí wọn.

Ìwé náà tún máa ń sọ iye ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní Texas, ọmọ tí kò bá lò tó ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń kà sí alákòókiri. Iye àwọn alákòókiri yìí ṣe pàtàkì gan-an fún wa. Níbi tó bá ti ga, ìdánwò tí ọmọ ṣe ní òpin ọdún ẹ̀kọ́ lè jẹ́ èso iṣẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n láti February péré.

Ní ti owó, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń mọ ìdílé tí kò rí jájẹ láti ọdún pípẹ́. Òfin oúnjẹ ọ̀sán ọmọléèwé ti wà láti 1946: ìdílé tí owó rẹ̀ kò ju ìdá 130 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba fà sílẹ̀ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó wà láàárín 130 sí 185 ń san díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọmọ ń kàwé nínú yàrá rẹ̀? Fọ́ọ̀mù á wá sílé, òbí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí kò rí ìwúlò rẹ̀ tàbí nítorí ojú ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ á ṣe dà bí ilé ẹ̀kọ́ olówó lórí ìwé, tí owó ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí àwọn ọmọ á sì dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà náà ń kọ́? Abẹ́ àkọlé aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n kó àwọn ọmọ wa sí pẹ̀lú ọmọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Texas láti ayé ẹrú. Ní oṣù March 2024, ìjọba àpapọ̀ yí ìlànà padà kí fọ́ọ̀mù lè máa béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, Nàìjíríà sì wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n dárúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ ọ́ di ohun tí a ó fi máa fọ́nnu pé tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Ọmọ tó jókòó ti ọmọ yín lórí ẹ̀rọ lè jẹ́ ẹni tó ń tọ́ àbúrò mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ọmọlúàbí kì í fi ìṣòro ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn.

Ìlànà tí wọ́n fi ń ka àwọn tó jáde tún kan àṣà wa kan. Bí ọmọ bá ń ṣe agídí, àwọn òbí kan á fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ibùgbé ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá pinnu bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìwé tó ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbí létí, nítorí láìsí ẹ̀rí lórí ìwé pé ọmọ ti kúrò nílùú, wọ́n lè kà á mọ́ àwọn tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ sì ronú dáadáa nípa ọjọ́ tó máa padà, nítorí krẹ́díìtì kì í tẹ̀ lé ọmọ lórí ọkọ̀ òfurufú bí kò bá sí ìwé tó pé.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, n kò ní kí ẹ máa fi ipò àwọn ọmọ gba gbogbo ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí CREDO ní Yunifásítì Stanford wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ charter orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn tí owó ìjọba ń gbé ró ṣùgbọ́n tí àwọn àdáni ń darí. Wọ́n fi ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ọmọ tó jọ ọ́ ní ẹ̀yà, ní ipò owó àti ní máàkì àtẹ̀yìnwá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé irú ọmọ tó wọlé ló fà á. Síbẹ̀, àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi nǹkan bí ọjọ́ ẹ̀kọ́ 72 rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà, àti ọjọ́ 180 nínú ìṣirò, ìyẹn odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2023, ó ti dín sí ọjọ́ 58 àti 124. Ó dín kù, ṣùgbọ́n kò kéré.

Kí ló fà á? Àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí 2015 náà, láti ilé iṣẹ́ Mathematica, rí i pé àkókò tí ọmọ àti olùkọ́ jọ ń sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ kan kò tó èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lásán ń rí ní ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sì sọ pé dídi ọmọ mú lẹ́nu iṣẹ́ ló nira fún àwọn jù lọ. Èyí tó sì burú jù ni ti Electronic Classroom of Tomorrow, ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Ohio tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Ìpínlẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò, kò rí ẹ̀rí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gba owó lé lórí ń kẹ́kọ̀ọ́ tó bó ṣe sọ, ó ní kó dá nǹkan bí 60 mílíọ̀nù dọ́là padà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní January 2018, láàárín ọdún ẹ̀kọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 12,000 ni àwọn òbí wọn ní láti wá ibòmíràn fún.

Nítorí náà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè iye wákàtí tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ lójúkojú lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ọmọ kò bá wọlé lọ́jọ́ mẹ́ta, àti ẹni tó máa pè yín. Ẹ ní kí wọ́n fi iye ọdún karùn-ún àti ọdún kẹfà hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ krẹ́díìtì tó kù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí 22 ni òfin béèrè ó kéré tán ní Texas, 26 bí ọmọ bá fẹ́ fi endorsement kún un, ìyẹn àfikún lórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá yàn. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ yóò ti jókòó ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní STAAR: Algebra I, English I, English II, Biology àti ìtàn Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan tàbí méjì, òfin ti fàyè gba ìgbìmọ̀ tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti 2015. Òbí wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ló gbé ọmọ débẹ̀, ẹ béèrè fún ètò 504, tó ti inú òfin ọdún 1973 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara wá, kí wọ́n lè fún un ní àkókò sí i nígbà tí ìrora bá dé.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ kù sílé. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kò ní ọgbà mìíràn ju yàrá ìjókòó wa lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí a ń sùn nígbà tó yẹ kí ọmọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọ ní tábìlì kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó ní aago tó ń jí i, kó sì ní àgbàlagbà kan tó ń béèrè iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, yálà bàbá, ìyá, àbúrò ìyá tàbí ọ̀rẹ́ ìdílé. Bí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, ẹ fi fóònù pè é. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín lédè Yorùbá. Ẹ̀kọ́ tó bá ti yé ọmọ, á wá èdè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sì mú ẹnu kúrò lára fífi í wé ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ti wọ yunifásítì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ tí a fi pamọ́ fún àlejò ti mọ̀ pé a kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ òun, ìyẹn á sì jẹ́ kó rọrùn fún un láti wà lára àwọn mẹ́rin tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ bí a ṣe ń dárúkọ ti àwọn yòókù. Òbí mìíràn tó ń ru ẹrù kan náà á gbọ́, á sún mọ́ wa, a ó sì jọ mọ olùkọ́ tó ń gbé fóònù àti èyí tí kì í gbé e. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé èsì kankan, a kò sì lè rí i bí kò ṣe lẹ́nu ara wa.

Bí ọmọ náà bá wá parí, ì báà jẹ́ ní ọdún karùn-ún, ẹ pe ẹbí àti ará, ẹ dáná, ẹ ra aṣọ fún un, kí ẹ gbàdúrà lé e lórí bí ẹ ti ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lórí ìwé ìjọba, ó lè jẹ́ ẹni tí kò jáde lásìkò. Nínú ilé wa, ọmọ tó ṣubú tó sì dìde ni, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á.